Lẹ́tà sí Olóòtú: Ẹ Má Torí Àwòrán Ara Rẹ̀ Ra Ọ̀bẹ Kékeré Ilẹ̀ Jàpáàn

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ohun èlò ìdáná tó yẹ kí ìyàwó tuntun ní, inú mi sì dùn pé ẹ rántí ọ̀bẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé nípa ilé ìdáná lóde òní, ẹ̀rọ ìlọta àti sítóòfù gáàsì nìkan ni wọ́n máa ń dárúkọ, bí ẹni pé eyín la fi ń gé àlùbọ́sà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà nínú àpilẹ̀kọ náà tí n kò lè gbójú fò. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí a ra ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Jàpáàn. Ó ní èyí tí ara rẹ̀ bá ní àwòrán bí ìgbì omi ló dára jù. Ó sì ní ọ̀bẹ Jàpáàn kì í kú, pé ẹni tó bá ti rà á ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ pípọ́n. Mo fara mọ́ ti àkọ́kọ́ tọkàntọkàn. Èkejì ti jẹ mí lówó rí. Ẹ̀kẹta kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹni tó bá sì tẹ̀ lé e yóò ba ohun olówó iyebíye jẹ́ láàárín ọdún kan.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ ìdáná kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti di ìka tó ṣẹ̀jẹ̀ ju èyí tí mo lè kà lọ. Àwọn tó ń gé ara wọn jù kì í ṣe àwọn tó mú ọ̀bẹ mímú dání. Àwọn tó ń fi agbára ti ọ̀bẹ tó ti kú ni, tí ọ̀bẹ náà á yọ̀ lórí èèpo, tí yóò sì bọ́ sí ọwọ́ kejì. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bímọ ní Osaka, mo lọ bá a gbé ọmọ fún oṣù mẹ́ta, níbẹ̀ ni mo sì ti ráyè dé Sakai, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ tó wà ní gúúsù Osaka, tí ọkọ̀ ojú irin kì í pẹ́ dé. Ohun tí mo rí níbẹ̀ àti ohun tí ọwọ́ mi ti jẹ níyà láti ìgbà náà ni mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ọ̀bẹ tí à ń sọ. Ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ gùn tó mílímítà 80 tàbí 90 ni, tí gbogbo rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju ẹyin adìẹ kan lọ. Èyí tó gùn jù ú lọ díẹ̀, tó jẹ́ mílímítà 120 sí 150, ni àwọn ará Jàpáàn ń pè ní petty, orúkọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn Faransé. Èyí tó gùn yìí dára fún ẹni tó máa ń lo pátákó. Ti kékeré ni ọ̀bẹ ọwọ́, tí ẹni tó ń lò ó mú ohun tó ń bẹ dání lọ́wọ́ kan, tó mú ọ̀bẹ dání lọ́wọ́ kejì. Àwa Yorùbá sì ni oníṣẹ́ ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé títí di òní, ọ̀pọ̀ wa ló ń gé àlùbọ́sà nínú àtẹ́lẹwọ́ sórí ìkòkò láìwá pátákó kankan lọ, bẹ́ẹ̀ náà la sì ń rẹ́ ilá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀bẹ kékeré tó dára gbọ́dọ̀ lè ṣe, ẹ wo ọlọ́sàn tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín, ó ti jẹ tán sára òkúta ìpọ́nbẹ. Ó gbé àtàǹpàkò lé ẹ̀yìn èèpo, ó ń yí ọsàn lọ́wọ́ òsì, ọ̀bẹ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Ọsàn ló ń rìn wá bá ọ̀bẹ. Èèpo ń já bọ́ bí okùn kan ṣoṣo, omi èèpo ń ta sójú oòrùn, awọ funfun abẹ́ rẹ̀ kò sì fara pa níbì kankan, nítorí bí ó bá fara pa, ọsàn á máa jò sí ẹni tó ń fà á mu lápá. Ní Osaka, mo rí ọkùnrin kan nínú ilé oúnjẹ kékeré kan tó mú daikon, ohun ọ̀gbìn funfun gbọọrọ kan tó dà bí iṣu tí kò nírun lára, tó ń yí i síwájú ọ̀bẹ rẹ̀ bí ọlọ́sàn wa gẹ́lẹ́, títí tó fi di aṣọ pẹlẹbẹ kan tó gùn ju apá lọ, tó sì fẹ́lẹ́ débi pé mo ń rí ìka rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ọ̀bẹ tirẹ̀ tóbi ju èyí tí à ń sọ lọ, ojú ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì pọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni. Mo rẹ́rìn-ín, ọmọ mi ní kí ló dé, mo ní ó dà bí ẹni pé mo wà ní Ọjà Ọba.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé fífẹ́lẹ́ ni ohun àkọ́kọ́, kì í ṣe dídán. Ẹ gbé ọ̀bẹ náà sókè, kí ẹ kọ ṣóńṣó rẹ̀ síwájú, kí ẹ wò ó láti ìdí, níbi tí irin ti pàdé èkù: láti ẹ̀yìn dé ojú, ó yẹ kó máa fẹ́lẹ́ lọ bí ewé, kó má ṣe sanra dé ìsàlẹ̀ kó tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ já lójijì. Àwọn ọ̀bẹ ilẹ̀ Jámánì tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, nǹkan bí igun dígírì 20 ni wọ́n máa ń pọ́n ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọn sí tẹ́lẹ̀; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ojú ọ̀bẹ ṣe ń fẹ́lẹ́ tó. Ti Jàpáàn sábà máa ń jẹ́ 15, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Irin tó bá rọ̀ kò lè gba irú ojú tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣe ni yóò máa yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí etí ìwé tí omi kàn. Nítorí náà ni irin wọn fi le. Lórí òdiwọ̀n líle tí wọ́n ń pè ní Rockwell, èyí tí àwọn oníṣẹ́ irin ń lò káàkiri ayé, ọ̀bẹ Jámánì wà ní nǹkan bí 56 sí 58, ti Jàpáàn sì wà láti 60 dé 63 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá le gan-an máa ń ṣẹ́ ni. Àwo tánganran àti ìkòkò irin kì í ṣe ẹgbẹ́ nígbà tí wọ́n bá bọ́ sílẹ̀.

Mo mọ èyí dáadáa, torí mo ti ṣẹ́ ọ̀kan. Ẹja tílápíà méjì ló dì mọ́ra wọn nínú fírísà, mo sì fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kékeré kan sáàárín wọn, mo yí i díẹ̀. Ó dún “kẹ́”, bí ẹni ṣẹ́ igi ìṣáná. Ẹja kò yà, ṣùgbọ́n ṣóńṣó ọ̀bẹ, tó tó mílímítà mẹ́ta, kò sí níbẹ̀ mọ́, ìdajì wákàtí ni mo sì fi wá a nínú ẹja náà kí n tó gbà kí ẹnikẹ́ni sè é. Ẹni tó ta ọ̀bẹ náà kò jẹ̀bi, ẹni tó ṣe é kò jẹ̀bi, èmi tí mo ti fi ọdún 31 sọ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má fi ọ̀bẹ ṣí agolo ni mo jẹ̀bi. Eegun adìẹ, akàn, àgbọn, orí ẹja gbígbẹ àti ohunkóhun tó bá dì, iṣẹ́ ọ̀bẹ tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ ni. Irin tiwọn rọ̀ ju ti Jàpáàn lọ, ó ń tẹ̀, a máa ń tẹ́ ẹ padà, kì í ṣẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni jù ú nù nítorí pé àlejò dé. Iṣu náà, ọ̀bẹ tiwa ni mo ṣì fi ń bẹ ẹ́, nítorí iyanrìn ara èèpo rẹ̀ máa ń ba ojú tó fẹ́lẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá taku pé ti Jàpáàn lòun máa lò, kó fọ iṣu náà mọ́ kó tó fi ọ̀bẹ kàn án.

Ọ̀rọ̀ ìgbì omi ló kàn. Kí n tó mọ Jàpáàn rárá ni mo ti ra ọ̀bẹ kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó tà á ní irin Damascus ni, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe irin oníìgbì, ìgbì sì kún ara rẹ̀ láti orí dé ìdí, pẹ̀lú lẹ́tà Jàpáàn mẹ́ta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkù. Mo fi kànrìnkàn onírin fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìgbì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ ní apá kan bí tìróò tí omijé kàn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí irin lásán ni. Nígbà tí mo gbé e lọ sí Osaka, àna mi ka lẹ́tà ara rẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní kò sí orúkọ ìlú tàbí orúkọ oníṣẹ́ kankan níbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ kò ju “ọ̀bẹ ìdáná” lọ. A jọ rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí.

Ìgbì tòótọ́ wà o, ó sì rẹwà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé irin líle kan wà láàárín, òun ló jẹ́ ojú ọ̀bẹ; wọ́n á wá fi irin tó rọ̀ jù ú lọ bò ó lọ́tùn-ún àti lósì, bí ẹni tó fi àkàrà sáàárín búrẹ́dì. Bí irin ìbora yìí bá jẹ́ àpapọ̀ irin méjì tí wọ́n tò léra wọn lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n sì fi ásíìdì yọ àwọ̀ wọn, ìgbì yóò hàn. Ṣùgbọ́n ìbora ni, aṣọ ni. Irin àárín ló ń gé nǹkan, irin àárín yẹn kò sì ní ìgbì kankan lára. Ọ̀bẹ méjì tí irin àárín wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí ẹnì kan náà sì pọ́n, bákan náà ni wọn yóò ṣe gé tòmátì, ìbáà jẹ́ pé ọ̀kan ní ìgbì tí èkejì sì pọ́ńbélé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbì kan kì í ṣe irọ́, ẹ dojú ọ̀bẹ kọlẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ìlà àwọn irin tí wọ́n tò léra wọn sábà máa ń hàn níbẹ̀ náà. Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ kì í sábà dé ẹ̀yìn.

Irin àárín yìí gan-an wá ni ibi tí owó yẹ kó lọ, ibẹ̀ sì ni olùrà ti gbọ́dọ̀ mọ ara rẹ̀. Irin méjì pàtàkì ló wà. Ti ìbílẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń ṣe ní Yasugi, ní agbègbè Shimane, orúkọ rẹ̀ sì ń pa mí lẹ́rìn-ín: wọ́n ń pe ọ̀kan ní Shirogami, ìyẹn ìwé funfun, wọ́n ń pe èkejì ní Aogami, ìwé aláwọ̀ búlúù, nítorí àwọ̀ ìwé tí ilé iṣẹ́ náà fi ń dì wọ́n. Shirogami kò ní ju irin àti kábọ́ọ̀nù, èròjà tó ń mú irin le, lọ ní pàtàkì, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ju ìdá kan lọ nínú 100, ó sì rọrùn láti pọ́n débi pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè pọ́n ọn kó mú débi tó lè fá irun apá. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń dógùn-ún. Irin kejì ni èyí tí kì í tètè dógùn-ún. Èyí tí ẹ ó máa rí orúkọ rẹ̀ jù ni VG-10, tí ilé iṣẹ́ Takefu ń ṣe ní Echizen, ní agbègbè Fukui; nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ krómíọ̀mù, òun ni kì í jẹ́ kí omi tètè rí i gbéṣe.

Oníṣọ́ọ̀bù ní Sakai bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo kó tó gbà láti ta Shirogami fún mi. Ọmọ mi ló túmọ̀ rẹ̀: “Ṣé màmá máa ń nu ọ̀bẹ gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti lò ó tán?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú ìgbéraga olùkọ́. Mo padà sí Ìbàdàn nínú oṣù kẹfà, nígbà tí òjò kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ lórí okùn. Lọ́jọ́ kan mo gé ọsàn wẹ́wẹ́, fóònù dún, ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè, ọ̀rọ̀ ẹbí sì kì í tán bọ̀rọ̀. Nígbà tí mo máa padà, ìdógùn-ún pupa bí ilẹ̀ ọ̀nà oko ti wà káàkiri ibi tí omi ọsàn náà kàn. Ó ṣeé yọ, mo sì yọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí ìbéèrè ọkùnrin yẹn ń sọ. (Àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ búlúù tí irú ọ̀bẹ yìí máa ń ní tó bá pẹ́ lọ́wọ́ ẹni kì í ṣe ìdógùn-ún, ààbò ló jẹ́ fún un, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi yanrìn ha á kúrò.) Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ọ̀bẹ méjì: Shirogami tèmi nìkan, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, àti VG-10 tí gbogbo ilé ń lò. Fún ìyàwó tuntun tí ẹ̀ ń kọ̀wé sí, tí àbúrò ọkọ yóò wá yá ọ̀bẹ, tí ọmọ ọ̀dọ̀ yóò fọ abọ́, irin tí kì í tètè dógùn-ún ni kó rà. Bó bá rí èyí tí àárín rẹ̀ jẹ́ irin ìwé funfun tàbí ti búlúù, tí ìbora rẹ̀ sì jẹ́ irin tí kì í dógùn-ún, ìyẹn náà dára, torí ojú nìkan ni yóò máa tọ́jú.

N kò fẹ́ dárúkọ ilé iṣẹ́ kan pé òun ni kí ẹ lọ bá, ṣùgbọ́n ó dára kí olùrà mọ ìlú tí ọ̀bẹ ti wá. Sakai bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń rẹ́ ewé tábà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, lẹ́yìn tí àwọn Potogí gbé tábà dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀bẹ náà sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìdílé Tokugawa, tó ń ṣàkóso Jàpáàn láyé àtijọ́, fi fún un ní èdìdì tirẹ̀. Seki, ní agbègbè Gifu, ìlú àwọn tó ń rọ idà ni. Nígbà tí ìjọba ka gbígbé idà kiri léèwọ̀ ní ọdún 1876, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rọ idà kò rí iṣẹ́ ṣe mọ́, wọ́n sì yíjú sí ọ̀bẹ ìdáná àti àlùmọ́gàjí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ KAI tó ń ṣe ọ̀bẹ Shun sílẹ̀ ní ọdún 1908, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń ṣe ọ̀bẹ Miyabi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ Zwilling ti ilẹ̀ Jámánì ló ni ín. Ní agbègbè Niigata ni ọ̀bẹ Tojiro àti ọ̀bẹ Global ti ń wá. Seki àti Niigata ń fi ẹ̀rọ ṣe èyí tó pọ̀ jù, ojú rẹ̀ máa ń dọ́gba, owó rẹ̀ sì máa ń mọ níwọ̀n. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀, ọ̀bẹ ilé mi tí gbogbo ayé ń lò, Niigata ni wọ́n ti ṣe é.

Ṣùgbọ́n Sakai ni ọkàn mi wà. Wọ́n máa ń sọ nílé wa pé ọjọ́ tí erin bá ṣubú là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Erin kankan kò ṣubú ní Sakai, síbẹ̀ ọ̀bẹ kún ara ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnì kan kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ níbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ á rọ irin, á fi iná sí i, á rì í bọ omi, iṣẹ́ tirẹ̀ parí. Yóò gbé e fún ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ, tó jẹ́ pé òun ló ni ojú ọ̀bẹ náà. Ẹlòmíràn ni yóò sì fi èkù sí i. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá, àwọn alágbẹ̀dẹ Jàpáàn máa ń ṣe ọdún ẹwìrì, wọ́n á pa iná, wọ́n á dúpẹ́. Mo gbọ́ èyí, n kò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí bàbá ìyá mi jẹ́ ọmọ ilé àgbẹ̀dẹ, a sì mọ ọjọ́ tí wọn kì í fín ẹwìrì.

Nípa èkù, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Èkù ìbílẹ̀ wọn máa ń fúyẹ́, igi funfun kan tí kì í yọ̀ bí omi bá kàn án ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí tó ní igun mẹ́jọ bá ọwọ́ méjèèjì mu, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ga sókè, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún. Kí ọlọ́wọ́ òsì máa ṣọ́ra gidigidi, pàápàá bí ojú ọ̀bẹ bá jẹ́ èyí tí wọ́n pọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tóbi, tàbí tí oríkèé ìka bá ń dùn bíi tèmi, kó di èkù náà mú bí ẹni tó fẹ́ bẹ ọsàn kó tó sanwó.

Ó wá ku pípọ́n, tí àpilẹ̀kọ yín ní a kò nílò. Kò sí irin tí kì í kú. Èyí tó le kàn máa ń pẹ́ kó tó kú ni, bó bá sì kú, kì í gba ìdí àwo tánganran tàbí àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì tí a máa ń fi ọ̀bẹ ha, kò sì gba bí alápatà ṣe ń fi ọ̀bẹ méjì gbo ara wọn. Ojú rẹ̀ yóò máa ṣẹ́ wẹ́wẹ́ ni. Ẹ̀rọ kékeré tí a máa ń fa ọ̀bẹ gba àárín rẹ̀ kọjá burú jù wọ́n lọ. Òkúta ló fẹ́. Bí owó kò bá tó, ẹ ra ọ̀bẹ tó kéré lówó sí i, kí ẹ sì fi èyí tó kù ra òkúta ìpọ́nbẹ tí nọ́ńbà rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń mọ bó ṣe kúnná tó, jẹ́ 1000. Òkúta kan ṣoṣo yẹn tó fún ilé. Èmi a máa rẹ tèmi sínú omi títí tí kò fi ní í hó mọ́, màá tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀ kó má yọ̀. Láti mọ bí ẹ ṣe máa dá ọ̀bẹ kékeré dúró, ẹ to owó onírin mẹ́ta léra wọn, kí ẹ̀yìn ọ̀bẹ ga tó bẹ́ẹ̀ lórí òkúta, kí ẹ wá mú owó náà kúrò. Ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ máa tì í lọ, kí ẹ máa fà á bọ̀, láti ìdí dé ṣóńṣó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bí ẹ bá fi àtàǹpàkò ra ẹ̀gbẹ́ kejì láti ẹ̀yìn wá sí ojú, ẹ ó gbọ́ ọ lọ́wọ́ pé irin tín-ín-rín kan ti yọ síbẹ̀ bí irun. Ìgbà náà ni ẹ ó yí i padà. Ẹni tó yí i kí irun irin yẹn tó yọ kò tíì pọ́n nǹkan kan. Ìṣẹ́jú 10, lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ohun tí ó kẹ́yìn ni yóò dùn mọ́ yín jù, Olóòtú. Nígbà tí oníṣọ́ọ̀bù Sakai pọ́n ọ̀bẹ mi tán, ìwé ìròyìn àná ló mú, ó tẹ́ ẹ sórí òkúta, ó sì fa ọ̀bẹ náà sẹ́yìn lórí rẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, kí irun irin tó kù lè já. Ó wá gbé ewé kan sókè, ó sọ ọ̀bẹ kalẹ̀ láti etí rẹ̀, ewé náà sì pín sí méjì láìdún. Láti ìgbà náà ni n kò ti ta ìwé ìròyìn yín fún ẹlẹ́pà mọ́.

Ọmọ mi ló sanwó VG-10 tó fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn náà. Nítorí pé àwọn kan ní Jàpáàn gbà pé ọ̀bẹ tí a fi tọrẹ lè gé okùn ìfẹ́, ó ní kí n fún òun ní owó onírin Jàpáàn kan, ti yẹ́ẹ̀nì márùn-ún, padà kó lè dà bí ẹni pé mo rà á. Bí wọ́n ṣe ń pe owó yẹn lédè wọn dún bí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìdè láàárín ènìyàn méjì. Mo ti fi pamọ́ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú rẹ̀ wálé, inú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù ni kó fi sí, kì í ṣe àpò ọwọ́. Ẹni tí wọ́n sì ń bá rà á ní England yẹ kó mọ̀ pé òfin ibẹ̀ kò gbà kí wọ́n ta ọ̀bẹ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ tún ọ̀rọ̀ kẹta yẹn ṣe ní ojú ewé kan náà tí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ọ̀bẹ wọ̀nyí bọ inú ẹ̀rọ tí ń fọ abọ́, kó má sì ṣe gé nǹkan lórí àwo tàbí lórí òkúta mábù ilé ìdáná. Ìyàwó àbúrò mi ka àpilẹ̀kọ náà kó tó kàn mí, ó sì ti ra ọ̀kan, oníìgbì. Mo ní kó gbé e wá ní ọjọ́ Sátidé, kó mú ọsàn mẹ́rin dání pẹ̀lú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìmọ̀ ìdáná kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.